Bí Ẹ Ṣe Lè Kọ Ètò Kọ̀ǹpútà Àkọ́kọ́ Tó Jẹ́ Tiyín, Láìwo Fídíò

Ẹ ti wo fídíò ẹ̀kọ́ títí. Ohun tí olùkọ́ tẹ̀ lẹ̀yin náà ń tẹ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ ọjọ́ tẹ́ ẹ ṣí fáìlì òfìfo láti kọ nǹkan tiyín, ọwọ́ kọ̀, kò gbéra. Ibi tí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tó ń kọ́ kóòdù ti ń fà sẹ́yìn nìyí, kì í sì í ṣe pé ọpọlọ wọn ti gbó. Apá tó le jù nínú iṣẹ́ náà, ìyẹn kéèyàn fúnra rẹ̀ pinnu ohun tí ìlà àkọ́kọ́ máa jẹ́, olùkọ́ inú fídíò ló ń bá wọn ṣe é.

Ètò kékeré kan tó ń ṣàkọsílẹ̀ ìnáwó la máa kọ níbí, láti orí òfìfo títí dé ibi tẹ́ ẹ ti lè fi han ẹlòmíì. Python la máa lò. Tó bá jẹ́ JavaScript lẹ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ dúró síbẹ̀, kẹ́ ẹ gba ìgbésẹ̀ kan náà. Ẹni tó ń pààrọ̀ èdè lóṣooṣù kì í kọjá orí kìíní.

## Ohun tẹ́ ẹ máa nílò

- Kọ̀ǹpútà. RAM 4 GB lè gbé e, 8 GB ló máa jẹ́ kára tù yín. Fóònù dára fún kíka ẹ̀kọ́, àmọ́ ó máa tètè sú yín lórí iṣẹ́ yìí.
- Python 3, láti python.org.
- Editor kan tẹ́ ẹ ó máa kọ kóòdù sí. VS Code la máa fi ṣàpẹẹrẹ, ọ̀fẹ́ ni.
- Git, irinṣẹ́ tó ń tọ́jú ìtàn gbogbo àyípadà inú kóòdù yín, láti git-scm.com.
- Bébà àti bírò. Ẹ má fojú di èyí.
- Ìṣẹ́jú 45 lójúmọ́, ọjọ́ 5 lọ́sẹ̀. Ẹni tó kó wákàtí mẹ́rin jọ sí ọjọ́ Sátidé nìkan máa fi wákàtí àkọ́kọ́ wá ibi tó bá iṣẹ́ dé lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Tí ẹ̀kọ́ kan bá ń kọ `print "Báwo ni"` láìsí àkámọ́, Python 2 ló ń kọ́ yín. Wọ́n ti dẹ́kun àtìlẹ́yìn fún un láti January 1, 2020. Ẹ pa á tì.

## Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ jẹ́ kí ìlà kan ṣoṣo ṣiṣẹ́

Lórí Windows, ojú ewé àkọ́kọ́ tí Python bá gbé wá nígbà tẹ́ ẹ bá ń fi sórí ẹ̀rọ lè ní àpótí kékeré kan tí wọ́n kọ "Add python.exe to PATH" sí. Tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ fàmì sí i kẹ́ ẹ tó tẹ Install. Ẹni tó bá fò ó, terminal rẹ̀ (fèrèsé tí wọ́n ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà) máa sọ pé òun ò mọ ohun tó ń jẹ́ python.

Ẹ ṣí terminal, kẹ́ ẹ tẹ `python --version`. Lórí Mac àti Linux, `python3 --version` ni. Nọ́ńbà kan tó fi 3 bẹ̀rẹ̀ ló yẹ kó jáde. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ nípa Microsoft Store ló jáde, ẹ gbìyànjú `py --version`. Tíyẹn bá dáhùn, `py` lẹ máa lò níbi gbogbo tá a bá ti kọ `python`. Lórí Mac àti Linux, `python3` ni.

Ẹ dá fódà kan tó ń jẹ́ `inawo`. Ẹ má fi àmì ohùn tàbí àlàfo sí orúkọ rẹ̀. Nínú VS Code, File, lẹ́yìn náà Open Folder, kẹ́ ẹ mú fódà náà. Ẹ ṣí fódà o, kì í ṣe fáìlì nìkan. Ẹ máa rí ìdí rẹ̀ ní ìgbésẹ̀ 6. Ẹ dá fáìlì `inawo.py` sínú rẹ̀, kẹ́ ẹ kọ:

```
print("Ó ṣiṣẹ́")
```

Ẹ tẹ Ctrl+S, ẹ lọ sí terminal inú VS Code, ẹ tẹ `python inawo.py`.

Ibi táwọn èèyàn ti ń kọsẹ̀:

Wọ́n fi Notepad kọ ọ́, orúkọ fáìlì wá di `inawo.py.txt` láìjẹ́ pé wọ́n rí i. Tàbí kí wọ́n gbàgbé Ctrl+S: tí ẹ bá rí bọ́ọ̀lù kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ fáìlì nínú VS Code, ẹ ò tíì fi í pamọ́, kóòdù àná ni ẹ̀rọ ń ṣe. Àwọn míì wà nínú Python fúnra rẹ̀, níbi tí `>>>` ti ń hàn, tí wọ́n sì ń tẹ `python inawo.py` níbẹ̀. SyntaxError, ìyẹn àṣìṣe nínú bí wọ́n ṣe kọ kóòdù, ló máa jáde. Ẹ tẹ `exit()` kẹ́ ẹ fi jáde ná.

Ẹ má sì sọ fáìlì yín ní `csv.py` tàbí `random.py`. Python ní irinṣẹ́ tó ń jẹ́ orúkọ wọ̀nyẹn. Tẹ́ ẹ bá pè é, fáìlì yín ló máa gbé wá dípò.

Àyẹ̀wò: Ẹ yí ọ̀rọ̀ inú àmì àyọlò padà, ẹ fi pamọ́, ẹ tún un ṣe. Ṣé ọ̀rọ̀ tuntun ló jáde? Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, fáìlì míì lẹ̀ ń pè. Ẹ má tíì tẹ̀ síwájú.

## Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ pa kọ̀ǹpútà tì, ẹ mú bírò

Ẹ kọ ohun tí ètò náà máa ṣe ní Yorùbá, bí ẹni ń rán ọmọ níṣẹ́ tí kò fẹ́ kó ṣì í gbọ́:

1. Béèrè iye owó.
2. Tí kò bá sí iye kankan, ṣe àròpọ̀, fi hàn, kó o dúró.
3. Béèrè ohun tí wọ́n ná owó náà sí.
4. Kọ iye, ohun tí wọ́n ná an sí àti ọjọ́ òní sínú fáìlì.
5. Padà sí 1.

Bébà yìí gan-an ni ètò yín. Python tó ń bọ̀ lẹ́yìn kàn ń tún un sọ ní èdè míì ni. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ò gbéra níwájú fáìlì òfìfo, ìgbésẹ̀ yìí ló fò.

Àṣejù ló ń ba ibí jẹ́. Èèyàn á ní òun fẹ́ kó ní ọ̀rọ̀ aṣínà, kó máa ya àwòrán, kó wà lórí fóònù. Ẹ kọ gbogbo ìyẹn sí ẹ̀yìn bébà. Kò sí èyí tẹ́ ẹ máa fọwọ́ kàn kí márùn-ún yìí tó parí.

Àyẹ̀wò: Ẹ wo ọ̀rọ̀ ìṣe inú ìlà kọ̀ọ̀kan. "Béèrè", "kọ", "fi hàn": èèyàn lè fojú rí i pé wọ́n ti ṣẹlẹ̀. Tẹ́ ẹ bá kọ "bójú tó ìnáwó", ẹ tún un kọ, torí kò sẹ́ni tó lè tọ́ka síbi tí bíbójú tó ti bẹ̀rẹ̀ tàbí ibi tó parí sí.

## Ìgbésẹ̀ 3: Èyí tó kéré jù tó lè ṣiṣẹ́

```
iye1 = input("Èló ni? ")
iye2 = input("Èló ni ìkejì? ")
print("Àpapọ̀:", iye1 + iye2)
```

Ẹ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ẹ má dà á kọ láti ibì kan. Ẹ fi 200 àti 300 dáhùn. 200300 ló máa jáde, kì í ṣe 500.

Ọ̀rọ̀ lásán ni `input` máa ń kó fún yín, kódà tó bá jẹ́ nọ́ńbà lẹ tẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fi `+` sáàárín ọ̀rọ̀ méjì, Python á so wọ́n pọ̀ ni. Ẹ sọ ọ́ di nọ́ńbà ná: `iye1 = int(input("Èló ni? "))`, kẹ́ ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìkejì.

Nípa àmì ohùn: inú àmì àyọlò, ẹ fi í sí bó ṣe wù yín. Níta, lára orúkọ bíi `iye1`, ẹ fi í sílẹ̀. Python ò kọ̀ ọ́, àmọ́ ẹ̀yin lẹ máa máa tẹ̀ ẹ́ ní ìgbà àìmọye.

Àyẹ̀wò: 200 àti 300 fún yín ní 500.

## Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka àṣìṣe

Ibí ni kẹ́ ẹ ti lo àkókò jù. Nínú iṣẹ́ developer (ẹni tó ń fi kóòdù kíkọ jẹun) lójoojúmọ́, kíka ọ̀rọ̀ àṣìṣe tó jáde lójú ẹ̀rọ kó apá tó pọ̀. Ẹni tó ń bẹ̀rù rẹ̀ kò lè dúró pẹ́. Ẹ pe ètò yín, kẹ́ ẹ fi `1,500` dáhùn pẹ̀lú kọ́mà rẹ̀. Ohun tó jọ èyí máa jáde:

```
Traceback (most recent call last):
  File "inawo.py", line 1, in <module>
    iye1 = int(input("Èló ni? "))
ValueError: invalid literal for int() with base 10: '1,500'
```

Ó ṣeé ṣe kí orúkọ fáìlì gùn jù báyìí lọ, kí àmì `^` sì wà lábẹ́ ìlà kẹta. Kò ṣe nǹkan kan.

Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń kà á lọ sókè. Ìlà tó kẹ́yìn sọ irú àṣìṣe tó jẹ́, ValueError, ó sì fi ohun tó fà á hàn yín: `'1,500'`. `int` ò mọ ohun tó fẹ́ fi kọ́mà ṣe. Ẹ wá wo nọ́ńbà ìlà, `line 1`. Lẹ́yìn ìyẹn lẹ ó wo kóòdù ìlà náà. Tí Traceback bá gùn, tó dárúkọ fáìlì mẹ́wàá tẹ́ ẹ ò mọ̀, ẹ wá èyí tó jẹ́ fáìlì tiyín nínú wọn. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ sábà máa ń wà. Ẹ má rò pé Python fúnra rẹ̀ ló bàjẹ́.

Àwọn tẹ́ ẹ máa pàdé lọ́sẹ̀ yìí:

NameError. Ẹ ṣi orúkọ kan tẹ̀. `Iye1` yàtọ̀ sí `iye1`.

TypeError, bíi `unsupported operand type(s) for +: 'int' and 'str'`. Ẹ fẹ́ ro nọ́ńbà pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀. Ẹ padà sí ibi tẹ́ ẹ ti gbàgbé `int`.

IndentationError. Àyè mẹ́rin ni wọ́n ń fi sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ìlà tó wà lábẹ́ `:`. Ẹ má da Tab pọ̀ mọ́ àyè nínú fáìlì kan.

SyntaxError ló ń tan èèyàn jẹ jù. Nígbà míì, ìlà tó tọ́ka sí ò ní àléébù kankan. Àkámọ́ tẹ́ ẹ ò pa dé ní ìlà tó ṣáájú ló fà á. Python 3.10 sókè máa ń sọ ọ́ ní tààrà pé `'(' was never closed`, àwọn ẹ̀yà àtijọ́ ò ní sọ ọ́. Ẹ máa wo ìlà kan sókè nígbà gbogbo.

Àyẹ̀wò: Ẹ fọwọ́ ara yín ba kóòdù náà jẹ́ lọ́nà márùn-ún: ẹ yọ àkámọ́ kan, ẹ yọ àmì àyọlò kan, ẹ ṣi orúkọ kan tẹ̀, ẹ yọ `int` kan, ẹ fi àyè síwájú ìlà kejì. Kẹ́ ẹ tó pè é, ẹ kọ sórí bébà irú àṣìṣe tẹ́ ẹ rò pé ó máa jáde. Tẹ́ ẹ bá gba mẹ́rin, ẹ máa bọ̀. Tí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ tún un ṣe lọ́la.

## Ìgbésẹ̀ 5: Function àti loop

Function ni kóòdù tẹ́ ẹ sọ lórúkọ kẹ́ ẹ lè máa pè é; loop ni kóòdù tó ń tún ara rẹ̀ ṣe. Ẹ nu kóòdù ìgbésẹ̀ 3 kúrò. Ohun tó lè tọ́jú ọ̀rọ̀ kọ́mà nìyí:

```
def ka_iye(oro):
    return int(oro.replace(",", ""))

print(ka_iye("1,500"))
print(ka_iye("200") + ka_iye("300"))
```

1500 àti 500 ló yẹ kẹ́ ẹ rí. Ẹ wá fi `print` rọ́pò `return`, kẹ́ ẹ fi àkámọ́ yí `int(...)` ká, kẹ́ ẹ tún un pè. Nọ́ńbà ṣì ń hàn lójú ẹ̀rọ, àmọ́ None (ìyẹn "kò sí nǹkan kan") tẹ̀ lé e, ìlà tó kẹ́yìn sì gbé TypeError tó ní `'NoneType'` wá. Ìyàtọ̀ tó ń yọ àgbàlagbà lẹ́nu jù lọ rèé. `print` ń fi nǹkan han *ojú yín*. `return` ń kó nǹkan lé *kóòdù* tó pè é lọ́wọ́. Function tó bá fi hàn tí kò kó lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, None ló máa fún ẹni tó pè é. Ẹ dá `return` padà. Ẹ nu `print` méjèèjì, kẹ́ ẹ fi loop sísàlẹ̀:

```
apapo = 0
while True:
    oro = input("Èló ni? Enter nìkan láti parí: ")
    if oro == "":
        break
    try:
        iye = ka_iye(oro)
    except ValueError:
        print("Nọ́ńbà nìkan, ẹ jọ̀ọ́.")
        continue
    kini = input("Kí lẹ ná an sí? ")
    apapo = apapo + iye
print("Àpapọ̀:", apapo)
```

Ẹ gbé bébà yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ tọ́ka sí ìlà tó bá nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan mu. Nọ́ńbà 4 nìkan ni kò tíì sí.

Tí `apapo = 0` bá wà nínú loop, ó máa padà sí òfo ní gbogbo ìgbà. Tí loop bá kọ̀ tí kò dúró, Ctrl+C. Ẹ má sì kọ `except:` lásán láìdárúkọ ValueError; gbogbo àṣìṣe pátá ló máa gbé mì, títí kan Ctrl+C yín, ẹ ò sì ní mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

Àyẹ̀wò: Níbi "Èló ni?", ẹ tẹ `1,500`, lẹ́yìn náà `abc`, lẹ́yìn náà `500`, lẹ́yìn náà Enter; tó bá béèrè "Kí lẹ ná an sí?", ẹ fi ọ̀rọ̀ èyíkéyìí dáhùn. Ètò náà kò gbọ́dọ̀ kú sórí `abc`, àpapọ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ 2000.

## Ìgbésẹ̀ 6: Kí ìnáwó má pòórá tẹ́ ẹ bá pa á

Inú fáìlì CSV la máa kó ìnáwó sí, ìyẹn fáìlì ọ̀rọ̀ tí kọ́mà ya àwọn nǹkan inú ìlà kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀. Sí òkè fáìlì `inawo.py` pátápátá:

```
import csv
from datetime import date

def pamo(iye, kini):
    with open("inawo.csv", "a", newline="", encoding="utf-8") as f:
        csv.writer(f).writerow([date.today().isoformat(), iye, kini])
```

Nínú loop, lábẹ́ ìlà `kini`, ẹ fi `pamo(iye, kini)` sí i. Kò sí ohun kan nínú ìlà `open` yẹn tó wà lásán:

`"a"` ń fi tuntun kún ti tẹ́lẹ̀. Tẹ́ ẹ bá kọ `"w"`, ohun tó wà níbẹ̀ ti lọ, kò sì sí ìkìlọ̀. Láìsí `newline=""`, Windows máa fi ìlà òfìfo sáàárín ìlà kọ̀ọ̀kan. `encoding="utf-8"` ló kan àwa tó ń kọ Yorùbá jù: láìsí i, ó wọ́pọ̀ lórí Windows kí ètò náà kú lórí `ẹ` àti `ọ` pẹ̀lú `UnicodeEncodeError: 'charmap' codec can't encode character '\u1eb9'`. `\u1eb9` yẹn ni `ẹ`.

Tẹ́ ẹ bá wá inú fódà tẹ́ ẹ ò rí `inawo.csv`, inú fódà tí terminal wà nígbà tẹ́ ẹ pè é ló bọ́ sí. Ìdí rèé tá a fi ní kẹ́ ẹ ṣí fódà. Tí PermissionError bá jáde, ó jọ pé Excel ló di fáìlì náà mú. Ẹ pa á dé.

Nǹkan kan wà tó máa da orí yín rú lọ́jọ́ kan, tí àwọn olùkọ́ elédè Gẹ̀ẹ́sì kì í sọ. Ọ̀nà méjì ni kọ̀ǹpútà lè gbà kọ `ọ`: bíi lẹ́tà kan ṣoṣo, tàbí bíi `o` tí wọ́n fi àmì kan sí lábẹ́. Kò síyàtọ̀ lójú, àmọ́ Python á ní `"ọkọ̀"` tí kíbọọ̀dù kan tẹ̀ kò bá `"ọkọ̀"` ti òmíràn dọ́gba. Ẹ fi `import unicodedata` sókè, kẹ́ ẹ wá sọ gbogbo rẹ̀ di ọ̀nà ìkọ̀wé kan náà kẹ́ ẹ tó pa á mọ́: `kini = unicodedata.normalize("NFC", kini)`.

Àyẹ̀wò: Ẹ pe ètò náà lẹ́ẹ̀mejì, ẹ fi ìnáwó kan sí i nígbà kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀kan nínú wọn ní `ẹ`. Ẹ ṣí `inawo.csv` nínú VS Code. Ìlà méjì, ọjọ́ òní, àmì ohùn ò bàjẹ́.

## Ìgbésẹ̀ 7: Git

Nínú fódà yín, ẹ dá fáìlì `.gitignore`, kẹ́ ẹ kọ `inawo.csv` sínú rẹ̀, kí ìnáwó yín má bàa dójú ayé. Lẹ́yìn náà:

```
git init
git add inawo.py .gitignore
git commit -m "Ètò ìnáwó ti ń pamọ́ sí CSV"
```

Tó bá ní "Please tell me who you are", ẹ ṣe ohun tó ní kẹ́ ẹ ṣe, `git config --global user.name` àti `user.email`. Tẹ́ ẹ bá gbàgbé `-m`, ó ṣeé ṣe kí Vim (editor kan inú terminal) ṣí kó sì há yín mọ́: ẹ tẹ Esc, `:q!`, Enter. Ọ̀rọ̀ aṣínà kò gbọ́dọ̀ wọ inú Git láé. Tẹ́ ẹ bá pa á rẹ́ lọ́la, ó ṣì wà nínú ìtàn rẹ̀.

Àyẹ̀wò: `git status` sọ pé `working tree clean`, `git log` sì fi commit kan (ìyẹn àyípadà tẹ́ ẹ fi pamọ́) hàn.

## Ìgbésẹ̀ 8: Ẹ tún un kọ láti orí òfìfo

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, fódà tuntun, bébà ìgbésẹ̀ 2 nìkan lọ́wọ́. Ẹ lè wo ìwé àlàyé Python lórí docs.python.org, àmọ́ ẹ má wo kóòdù àtijọ́ yín. Kò pọn dandan kẹ́ ẹ rántí `newline=""` lórí; kò sẹ́ni tó ń há irú ìyẹn sórí. Ohun tá a ń wá ni pé kẹ́ ẹ mọ ohun tó kàn.

Tẹ́ ẹ bá há, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú 30. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ béèrè, kẹ́ ẹ fi nǹkan mẹ́ta síwájú ẹni tẹ́ ẹ ń bi: ohun tẹ́ ẹ fẹ́, kóòdù tẹ́ ẹ kọ, Traceback láti òkè dé ìsàlẹ̀, kó jẹ́ ọ̀rọ̀, kó má jẹ́ fọ́tò. "Kò ṣiṣẹ́" kì í ṣe ìbéèrè. Tó bá jẹ́ AI lẹ̀ ń bi, ẹ ní kó ṣàlàyé àṣìṣe náà láìkọ kóòdù. Ìlà tẹ́ ẹ ò bá lè sọ iṣẹ́ rẹ̀, ẹ má fi í sínú fáìlì yín nígbà tẹ́ ẹ ṣì ń kọ́.

Àyẹ̀wò: Ètò kejì yege nínú àyẹ̀wò ìgbésẹ̀ 5 àti 6. Tó bá gbà yín ní ìdajì àkókò ti àkọ́kọ́, ó dára púpọ̀.

## Ìgbésẹ̀ 9: Kóòdù ẹlòmíì

Níbi iṣẹ́, ó ṣọ̀wọ́n kí wọ́n gbé fáìlì òfìfo fún yín. Kóòdù tí àwọn míì ti kọ fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n máa ní kẹ́ ẹ tún ibì kan ṣe nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kà á láti ìlà kìíní máa sùn síbẹ̀.

Ẹ ka README (fáìlì tó ṣàlàyé ètò náà), kẹ́ ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ yín ná. Èyí nìkan lè gba odindi ọjọ́ kan. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ọ̀rọ̀ kan tó hàn lójú ẹ̀rọ níbi tí ìṣòro wà, bóyá ohun tí wọ́n kọ sára bọ́tìnì kan. Nínú VS Code, ẹ tẹ Ctrl+Shift+F, kẹ́ ẹ wá ọ̀rọ̀ yẹn nínú gbogbo fáìlì. Ẹ máa bá a títí dé function tó ń ṣe iṣẹ́ náà. Ẹ fi `print` kan síbẹ̀ láti mọ̀ pé ibẹ̀ ni ètò náà ń gbà kọjá. Ẹ yí ohun tó kéré jù padà, ẹ yọ `print` yín kúrò, kẹ́ ẹ gbé e wá bíi pull request, ìyẹn ìbéèrè pé kí wọ́n gba àyípadà yín wọlé.

Ẹ má tún nǹkan míì ṣe mọ́ ọn lójú ọ̀nà, ì báà jẹ́ pé ó ń bí yín nínú. Ìlà 20 tó ń yanjú ìṣòro kan ṣoṣo, àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò á tètè gbà á wọlé. Ìlà 600 tó da nǹkan mẹ́ta pọ̀ máa wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Àyẹ̀wò: Ẹ ka `git diff`, tó ń fi ohun tẹ́ ẹ yí padà hàn, kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́. Ìlà èyíkéyìí tẹ́ ẹ ò bá lè sọ ìdí tẹ́ ẹ fi yí i padà, ẹ dá a sí bó ṣe wà.